Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Bàjẹ́ Lọ́nà

  Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan nígbà tí ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn kò bára mu. Wọ́n sì ní kí n ṣe é lọ́nà tí ìyá tó wá bá wọn tọ́jú ọmọ-ọmọ láti Ìbàdàn àti ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní UT Dallas yóò fi jọ gbọ́ ọ. Mi ò ní tọrọ gáfárà pé ọ̀rọ̀ náà le. Ìlú Dallas tí a jókòó sí yìí lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2008. Ọjọ́ Àìkú ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kù ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ní aago etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ibi ìpamọ́ tí Amazon ń pè ní S3 bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn oníbàárà padà. Ibẹ̀ ni àìmọye iléeṣẹ́ ń kó àwòrán àti àkọsílẹ̀ wọn sí. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè nǹkan tó rí ìdáhùn gbà kò tó nǹkan mọ́. Iná kò lọ, olè kò sì wọlé. Àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá oníbàárà lóhùn, ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Òfófó ni wọ́n ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ló rí o. Àwọn sáfà S3 máa ń sọ fún ara wọn lóòrèkóòrè pé lágbájá wà láàyè, tàmẹ̀dù ti dákú, làkáṣègbè ń padà bọ̀. Ní ọjọ́ yẹn, díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn bàjẹ́: bíìtì kan ṣoṣo ló yí, tí òdo di ọ̀kan tàbí tí ọ̀kan di òdo. Ká ní iṣẹ́ náà bàjẹ́ débi tí kò fi ṣeé kà mọ́ ni, wọn ì bá ti jù ú nù. Ó ṣeé kà dáadáa, àmọ́ irọ́ ló ń sọ. Sáfà tó gbà á gbọ́ sọ ọ́ fún èkejì, èkejì sọ ọ́ fún ẹ̀kẹta, títí òfófó fi gba àkókò tó yẹ kí wọ́n fi dá oníbàárà lóhùn. Amazon ní ìṣirò tó ń yẹ ẹrù oníbàárà wò bóyá ó bàjẹ́ lọ́nà. Wọn kò fi í sára òfófó inú ilé. Nígbà tí gbogbo àtúnṣe kéékèèké kò ràn án, wọ́n pa ìsọ̀rọ̀ láàárín gbogbo sáfà náà, wọ́n nu ohun tí oníkálukú gbà gbọ́ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tó nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ kí S3 tó padà sípò ní Amẹ́ríkà.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ìtàn àwọn tó ń já kọ̀ǹpútà gbà lọ, nítorí pé kò sí ọ̀daràn kankan nínú rẹ̀.

Báwo wá ni bíìtì ṣe ń yí fúnra rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn kan Dallas gbọ̀ngbọ̀n. Níbí ni, ní Texas Instruments, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, ni Jack Kilby ti kó àwọn ohun tí wọ́n máa ń fi wáyà so lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ègé germanium kan ṣoṣo, tí ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tí à ń pè ní chip lónìí nìyẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ohun tí chip fi ń rántí pé òdo ni tàbí ọ̀kan kò ju ìwọ̀nba iná tín-ín-tín kan lọ. Bí chip ṣe ń kéré sí i ni iná náà ń dín kù, títí nǹkan tí ojú kò lè rí fi tó láti dà á rú. Ní 1979, Timothy May àti Murray Woods ti Intel kọ ọ́ síta pé ìtànṣán alpha láti ara ohun tí wọ́n fi di chip gan-an lè yí bíìtì padà. Ní 1995, Robert Baumann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas Instruments wá fi hàn pé ọ̀tá mìíràn wà nínú ilé: boron, tí wọ́n ń pò mọ́ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ́ sórí chip. Neutron tó ń bọ̀ láti ojú sánmà á kọlu boron yìí, boron á fọ́, èérún rẹ̀ á sì gba ibi tí chip ń pa ìrántí mọ́ sí kọjá. Wọn kò lè dá sánmà dúró, wọ́n kúkú yọ boron náà kúrò.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ inú yàrá ìwádìí lásán ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, ní Schaerbeek nílẹ̀ Belgium, ẹ̀rọ ìdìbò kan fún olùdíje kan ní ìbò 4,096 tí ẹnikẹ́ni kò dì. Wọ́n fura nítorí pé iye tó jáde ju ohun tó lè ṣeé ṣe lọ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀méjìlá, 4,096 lẹ máa bá níbẹ̀: bíìtì kẹtàlá ló yí láti òdo sí ọ̀kan. Wọ́n tú ètò ẹ̀rọ náà wò, wọn kò rí àléébù. Ìtànṣán ojú sánmà ni wọ́n fura sí.

Nítorí náà iṣẹ́ yóò máa bàjẹ́. Ìbéèrè tó kù ni ohun tí àwọn tó ń gbọ́ ọ lè ṣe.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò yanjú rẹ̀ ni Marshall Pease, Robert Shostak àti Leslie Lamport, ní iléeṣẹ́ ìwádìí SRI ní California. NASA ló ń ná owó sí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní SIFT: wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà mélòó kan jọ máa darí ọkọ̀ òfuurufú, kí ọkọ̀ má bàa já bọ́ nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ya wèrè. Ìwé wọn kìíní jáde ní 1980. Èyí tó gbajúmọ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 1982, ìtàn àwọn ọ̀gágun Byzantium tó yí ìlú kan ká, tí ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wọn, ni wọ́n sì fi ṣe àlàyé rẹ̀. Lamport fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀gágun Albania lòun kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Jack Goldberg ní SRI ló kìlọ̀ fún un pé àwọn ọmọ Albania wà káàkiri ayé, kó wá orúkọ mìíràn. Ká ní Yorùbá ló kọ ọ́ ni, Kírìjì ni ì bá lò: ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tó jẹ́ pé ní 1886 ẹnu àwọn àlùfáà bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips ni ọ̀rọ̀ àdéhùn gbà dé àgọ́ Ìbàdàn àti àgọ́ Èkìtìparapọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá yé wa ju ọ̀rọ̀ ogun lọ.

Ọmọ mẹ́ta ni bàbá kan fi sílẹ̀ sáyé. Àkọ́bí wà ní Dallas, èkejì wà ní London, àbígbẹ̀yìn wà ní Ìbàdàn níbi tí ilẹ̀ wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ tà á tàbí kí wọ́n jọ fi í sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá tà tí ẹnì kejì ní òun ò tà, kóòtù ni. Àkọ́bí ló láṣẹ. Ó pe ti London, ó ní, “Tà á.” Ó pe ti Ìbàdàn, ó ní, “Má tà á o.” Àwọn méjèèjì wá pe ara wọn. Àbígbẹ̀yìn ní, “Bọ̀dá mi, ẹ̀gbọ́n wa mà ní ká má tà á.” Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó wà ní London. Ta ló ń purọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé “tà á” ni ẹ̀gbọ́n sọ fún àwọn méjèèjì, tí àbúrò tó ti ń gbin kòkó síbẹ̀ ní kọ̀rọ̀ wá yí i padà. Láti London, méjèèjì rí bákan náà gẹ́lẹ́. Kò sí ìpè tó lè pè, kò sí ìbéèrè tó lè béèrè tí yóò fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tí àwọn ọ̀gbẹ́ni mẹ́ta náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn: bí ọ̀kan bá ń purọ́ nínú ẹni mẹ́ta, àwọn méjì yòókù kò ní ọ̀nà tó dájú láti fẹnu kò.

Ẹ fi ọmọ kan kún un, kó máa gbé ní Cotonou. Ẹ̀gbọ́n sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún ara wọn, wọ́n wá tẹ̀ lé ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ olóòótọ́, tí àbúrò kan ń yí ọ̀rọ̀, olóòótọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ní ẹ̀rí méjì sí ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ń purọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta olóòótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa wà lọ́wọ́ gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá kó o jọ, ibi kan náà ni wọ́n sì máa bọ́ sí. Òpùrọ́ kan, ó kéré tán ẹni mẹ́rin. Òpùrọ́ méjì, ẹni méje. Mẹ́ta, ẹni mẹ́wàá. Olóòótọ́ gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Ìdajì lé díẹ̀ kò tó.

Ẹ wo ohun tí wọn kò ṣe. Wọn kò wá òpùrọ́. Ọmọ London lè kú láìmọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ló purọ́ ni tàbí àbúrò, ilẹ̀ á sì ti jẹ́ títà láìsí ìjà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n yìí ti yàtọ̀ sí ti ọlọ́pàá.

Ohun tó ń purọ́ náà kò sì ní láti lẹ́mìí. Bí wáyà kan bá gbé iná tí kò ga tó ọ̀kan, tí kò sì relẹ̀ tó òdo, kọ̀ǹpútà kan á kà á sí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kejì tó ń wo wáyà kan náà á kà á sí òdo. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, wọ́n ń rọ epo sínú ọkọ̀ òfuurufú ojú sánmà (space shuttle) ti NASA tí yóò lọ ìrìn àjò STS-124. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń darí rẹ̀. Lójijì wọ́n pín sí mẹ́ta sí ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú mẹ́ta tó kù, ọ̀kan tún yapa: méjì, ọ̀kan, ọ̀kan. Gbogbo kọ̀ǹpútà náà ló pé, kò sóhun tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Díódì kan nínú àpótí tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ló sán.

Ìwé 1982 náà tọ́ka sí ọ̀nà tó dín ìnira kù, ìyẹn ìbuwọ́lù. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ tó fọwọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí láìjẹ́ pé ó hàn, ọmọ London á rí ìwé méjì tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wà lórí méjèèjì, ọ̀kan ní tà á, ọ̀kan ní má tà á. Àṣírí tú. Ẹni mẹ́ta wá tó. Ẹ̀yin tó ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò nílé ti ṣe é rí: fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ìbò sí, tí ọ̀gá ibùdó fọwọ́ sí, tó lu òǹtẹ̀, tí àwọn aṣojú fọwọ́ sí, tí oníkálukú sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ yí iye ìbò níbi ìkójọ ní láti bá gbogbo ẹ̀dà tó ti fọ́n káàkiri jà. Ó ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n máa ń yí i náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà wọ̀nyẹn ni wọ́n máa ń gbé wá síwájú adájọ́.

Ọ̀kan tún wà tí ìbuwọ́lù kò yanjú: ìdádúró. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan láti Ìbàdàn, ṣé àbúrò ń gbìmọ̀ ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa? Ní 1985, Michael Fischer, Nancy Lynch àti Michael Paterson fi ìṣirò hàn pé bí kò bá sí gbèdéke àkókò tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé, kò sí ètò kankan tó ń tẹ̀ lé òfin gbọingbọin tó lè dá wa lójú pé yóò parí ìpàdé, àní bó jẹ́ ẹyọ kọ̀ǹpútà kan péré ló lè kú láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá ọ̀nà àbùjá: bóyá kí wọ́n gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á padà dáa bópẹ́bóyá, bíi Miguel Castro àti Barbara Liskov ti MIT ní 1999, tàbí kí wọ́n máa fi orí tàbí ìdí owó ẹyọ pinnu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há.

Ọ̀nà owó ẹyọ yìí ló gbé wa dé àdúgbò wa. Ẹ gun Central Expressway lọ sí ìhà àríwá, Richardson lẹ máa dé. Ibẹ̀ ni Hedera, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ ìṣòwò owó sí, kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí, èyí tí Leemon Baird àti Mance Harmon dá sílẹ̀. Baird, tó ti kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, ló ronú hashgraph, ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Hedera fi ń fẹnu kò; ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 2016, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019.

Òfófó ni hashgraph náà ń lò, bíi ti S3, ṣùgbọ́n òfófó tó ń sọ orísun rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan á kàn mú òmíràn, á sọ gbogbo ohun tó mọ̀ tí ìyẹn kò tíì mọ̀ fún un. Ẹni tó gbọ́ á kọ àkọsílẹ̀ kékeré kan: ohun tuntun tí òun ní láti sọ, aago tí òun kọ ọ́, hash àkọsílẹ̀ òun tó kẹ́yìn, hash àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tó sọ fún òun, á sì buwọ́ lù ú. Hash ni nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fún jáde láti inú ọ̀rọ̀. Bí bíìtì kan bá yí nínú ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà yẹn á dàrú pátápátá. Irú bíìtì tó da S3 rú kò ní kọjá ẹnu-ọ̀nà níbí.

Apá tó dùn mọ́ mi jù ni ìdìbò. Nítorí pé àwọn àkọsílẹ̀ náà so kọ́ra, gbogbo kọ̀ǹpútà ló mọ ẹni tó sọ fún ta, àti ohun tí oníkálukú ti gbọ́ kó tó kọ èyíkéyìí. Bí mo bá mọ gbogbo ohun tí o ti gbọ́, kí ni mo tún fẹ́ pè ọ́ fún pé kí o dìbò? Mo lè ṣírò ìbò rẹ fúnra mi, ìwọ náà á ṣírò tèmi, ohun kan náà la ó sì bá. Ìbò kankan kì í rìn lójú ọ̀nà, nítorí náà kò sí ìbò tó lè bàjẹ́ lọ́nà. Ohun tó bá gba ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ló dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá há fún ìgbà pípẹ́, bíìtì tó wà láàárín ìbuwọ́lù kan ni wọ́n ń lò bí owó ẹyọ. Ti àkókò ńkọ́? Wọ́n á kó àkókò tí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà ní àwọn gbọ́ nǹkan náà, wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á mú ti àárín. Ẹni tó bá purọ́ pé ọdún 2050 lòun gbọ́ ọ kàn fi ara rẹ̀ sí ìparí ìlà ni. Ní 2018, Karl Crary ti Carnegie Mellon fi ètò Coq, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀rí ìṣirò wò, tọ ẹ̀rí hashgraph láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ni àwọn kọ̀ǹpútà náà? Ìgbìmọ̀ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 39 lọ ni wọ́n ṣètò pé kó máa darí rẹ̀; Google, IBM, Boeing àti Standard Bank ti South Africa wà lára àwọn tó ti jókòó níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà 39 bá wà tí agbára wọn dọ́gba, méjìlá lè bàjẹ́, nǹkan á ṣì máa lọ; ẹ̀kẹtàlá ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan ń bínú pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé bíi ti Bitcoin. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀dùn ọkàn tèmi. Tèmi ni pé ìṣirò ìdá méjì nínú mẹ́ta ń ka òpùrọ́ bí ẹni pé oníkálukú ń bàjẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ètò tí gbogbo 39 ń lò bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí àléébù kan wà nínú rẹ̀, kò sí méjìlá níbẹ̀: gbogbo wọn ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ bàjẹ́ sí ibì kan náà. Ìdí kan nìyí tí Google àti Amazon kì í fi í lo ọ̀nà Byzantium yìí láàárín kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiwọn fúnra wọn. Paxos tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò, tó ń gbára lé ìdajì lé díẹ̀, tó sì gbà pé kọ̀ǹpútà lè kú ṣùgbọ́n kò lè purọ́. Wọ́n á wá fi ìṣirò àyẹ̀wò ṣọ́ ọ̀nà. Ó bójú mu, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá rántí ṣọ́ ọ̀nà inú ilé pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí Hedera. Ẹnì kan rí àléébù nínú apá tó ń ṣiṣẹ́ àwọn àdéhùn aládàáṣe (smart contract), ó sì fi í kó owó àwọn ẹlòmíràn sínú àpò ara rẹ̀, pàápàá owó tí wọ́n kó jọ sí àwọn ọjà pàṣípààrọ̀ bíi SaucerSwap, Pangolin àti HeliSwap. Hashgraph kò ṣàṣìṣe kankan ní ọjọ́ náà. Àwọn kọ̀ǹpútà fẹnu kò, àkókò tí olè náà kó owó kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ìtòtẹ̀léra rẹ̀ pé. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé wọ́n ti kó owó náà lọ ní ìbámu pẹ̀lú òfin tó wà nínú ètò, òfin náà ló sì lábùkù. Hedera ti àwọn ẹnu-ọ̀nà tí aráàlú ń gbà dé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe, wọ́n sì tún àwọn ẹnu-ọ̀nà náà ṣí.

Títi ẹnu-ọ̀nà yẹn kò gba inú hashgraph kọjá. Èèyàn ló tì í, láìdúró de ìdìbò kankan láàárín àwọn kọ̀ǹpútà, mo sì rò pé wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbí, ní Richardson àti ní Plano, tí a bá ṣí ààyè fún ìbéèrè báyìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ta ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni mélòó ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lò ó?